Rédà Tòkunbọ̀ Lórí Òkè Èkìtì

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Lọ́jọ́sí, àwọn mẹ́ta nínú yín gbé páálí ńlá kan wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Ìkọ̀lé. Ẹ tú okùn ara rẹ̀, ẹ gbé rédà ọkọ̀ ojú omi jáde, irú èyí tí wọ́n dé mọ́ inú ike funfun roboto, tó fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ. Tòkunbọ̀ ni. Mo fi èékánná ha ìdí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan, nǹkan funfun kan bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀ òkun ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti fi Àpápá ní Èkó sílẹ̀ padà wálé, ṣùgbọ́n iyọ̀ yẹn dá mi padà sórí ọkọ̀ àwọn apẹja, níbi tí mo ti ń tún irú ẹ̀rọ yìí ṣe nígbà tí irun orí mi ṣì dúdú.

Ẹ bi mí pé: "Bàbá, ṣé a lè sọ ọ́ di ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán? Kó má kàn fi ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ hàn wá. Kí a mọ bí ohun tó rí ṣe gùn tó, kí a mọ ibi tí orí rẹ̀ wà àti ibi tí ìdí rẹ̀ wà?" Mo ní ó ṣeé ṣe. Inú yín dùn, ẹ gbé páálí yín, ẹ lọ. Èmi ni ọkàn mi kò balẹ̀, torí ìdajì ọ̀rọ̀ ni mo sọ. Ìdajì tó kù ni mo jókòó kọ yìí. Mo kọ ọ́ fún ẹ̀yin mẹ́ta, àti fún gbogbo ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní ọgbà Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ tó wà ní Ìkọ̀lé níbí, àti fún ọmọ tí kò rí yunifásítì wọ̀ ṣùgbọ́n tó ń tú rédíò palẹ̀ nínú ìsọ̀ àtúnṣe.

Rédà kò ní ojú, etí ló ní. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà láàárín àpáta kò nílò àlàyé púpọ̀. Ẹ dúró ní ẹsẹ̀ òkè, ẹ pariwo, òkè á dá yín lóhùn. Bí ìdáhùn bá yá, òkè wà nítòsí. Bí ó bá pẹ́, ó jìnnà. Gbohùngbohùn ni gbogbo iṣẹ́ rédà. Kàkà kó fi ohùn ké, ìgbì rédíò ló fi ń ké, ìgbì yẹn sì ń sáré tó 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ohun kan bá wà ní kìlómítà kan sí i, ìdáhùn á ti padà dé kí ìdá mílíọ̀nù 7 ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ inú oyún ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ọ̀nà kan náà ló ń tọ̀. Ìró ni ti òun, ìró tó ga ju ohun tí etí ènìyàn lè gbọ́. Ìró yẹn ń wọ inú ara, ó ń padà, wọ́n sì ń fi ìdáhùn ya orí ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ àti ọkàn rẹ̀ tó ń lù.

Kí ló wá dé tí ti ilé ìwòsàn fi ya àwòrán, tí ti ọkọ̀ ojú omi sì fi ẹ̀kán lásán hàn? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo wà lórí ọkọ̀ apẹja kan tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún rédà rẹ̀ ṣe. Èmi ni mo jókòó ti ojú ẹ̀rọ. Àmì kan yọ níwájú, ní nǹkan bíi kìlómítà kan, ó rọra ń tàn, ó ń kú. Ọ̀gá ọkọ̀ bi mí, mo sì fi ìgboyà ọmọdé dáhùn pé: "Ọkọ̀ kan ni, ọ̀gá. Kékeré ni. A lè gba apá ọ̀tún rẹ̀ kọjá." Ọ̀gá yẹn jẹ́ ènìyàn pẹ̀lẹ́. Ó dín eré kù, ó fọn fèrè, ó tan iná ńlá. Ọkọ̀ onígi méjì ni a bá níwájú, kì í ṣe ọ̀kan, àwọ̀n sì wà láàárín wọn tí wọ́n jọ ń fà. Ibi tí mo ní kí a gbà, orí ọkọ̀ kejì gan-an ni. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbé àtùpà sókè, wọ́n ń wò wá. Títí di òní, mo ṣì ń rí ojú wọn.

Rédà kò purọ́ fún mi ní alẹ́ ọjọ́ yẹn. Áńtẹ́nà rẹ̀ kò gùn, igun tó ń fọ́n ìgbì rẹ̀ sí fẹ̀ tó dígírì 4. Ẹ ṣírò ó: dígírì 4 ní kìlómítà kan jẹ́ nǹkan bíi mítà 70. Ohun méjì tó bá wà láàárín mítà 70 yẹn, tí wọ́n sì jìnnà dọ́gba sí wa, ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n ń fọ̀ sí rédà létí. Ní ti jíjìn, igbe rẹ̀ tó kúrú jù lọ gba ìdá bílíọ̀nù 80 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn sì túmọ̀ sí mítà 12. Ẹ̀rọ tó ń fi òṣùwọ̀n mítà 12 sí mítà 70 wọn ayé, báwo ni yóò ṣe fi ìdí ọkọ̀ gígùn mítà 8 hàn yín? Èmi ni mo fún ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ ní orúkọ tí òun kò sọ.

Ibi tí ìmọ̀ wà rèé, ẹ fetí sí mi dáadáa. Yorùbá ni wá, èdè wa ti kọ́ wa ní ohun tí ọmọ ilẹ̀ mìíràn ń lọ kọ́ ní kíláàsì. Bí mo bá kọ "oko" sórí ìwé láìfi àmì kankan sí i, kí ni mo kọ? Ṣé oko tí a ń ro ni, àbí ọkọ ìyàwó, àbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, àbí ọkọ̀ tó gbé wa lọ sí Èkó, àbí ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù? Lẹ́tà nìkan kò tó. Inú àmì ni ìtumọ̀ wà.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbì rédà rí. Ó ní agbára, èyí ni bí ìdáhùn ṣe pariwo tó. Ó sì ní ipò, èyí ni ibi tí ìgbì dé nínú lílọ sókè sódò rẹ̀ nígbà tó padà dé. Agbára ni lẹ́tà, ipò ni àmì ohùn. Ìgbì rédà ọkọ̀ kékeré gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 ó lé díẹ̀. Nítorí náà, bí ọkọ̀ kan bá fi mìlímítà 8 péré sún mọ́ wa, ipò ìdáhùn rẹ̀ ti yí sí òdìkejì. Mìlímítà 8! Ìka ọwọ́ yín fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí agbára rẹ̀ kò lè ya ọkọ̀ méjì sọ́tọ̀, ipò ìgbì rẹ̀ mọ̀ bí ọkọ̀ bá mí.

Ṣùgbọ́n rédà olówó pọ́ọ́kú ń da àmì ohùn yìí nù. Magnetron, ohun tó ń pèsè ìgbì nínú rẹ̀, dà bí onílù tó lè lu ìlù ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó sì ń fi ohùn ọ̀tọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a kò bá mọ ohùn tó fi pè, ohùn tí wọ́n fi dá a lóhùn kò ní ìtumọ̀. Àwọn tó ṣe é kò ṣàṣìṣe: atukọ̀ kò béèrè ju pé kó mọ̀ pé nǹkan wà níwájú. Nítorí náà ẹ̀rọ náà bó àmì kúrò, ó fi lẹ́tà nìkan sójú ẹ̀rọ.

Iṣẹ́ yín kò ju kí ẹ má jẹ́ kó dà á nù. Ẹ fi wáyà jí díẹ̀ gbé nínú ìgbì tó ń jáde, ní gbogbo ìgbà tí magnetron bá ké, kí kọ̀ǹpútà kọ ipò rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìdáhùn bá dé, kí ẹ yọ ipò ti ìbéèrè kúrò nínú ti ìdáhùn. Ohun tó kù ni òtítọ́ nípa ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Rédà tuntun kan wà tí kò lo magnetron mọ́, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Navico gbé jáde fún ọkọ̀ kéékèèké ní ọdún 2009. Ìgbì tirẹ̀ létò. Síbẹ̀, ẹ ní láti mú ìdáhùn náà kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń bó àmì kúrò lára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ẹ dá áńtẹ́nà dúró. Bó bá ń yí ní ìgbà 24 ní ìṣẹ́jú kan bó ṣe ń yí lórí omi, kò ní tó ìdá ẹgbẹ̀rún 30 ìṣẹ́jú àáyá tí yóò fi wo ohun kan kó tó gbójú kúrò. Ẹ jẹ́ kó tẹjú mọ́ ọn. Kí ohun tí à ń wò ni ó yí. Ẹ rántí òkòtó tí ẹ ń ta ní kékeré: nígbà tó bá ń jó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń sáré, àárín rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Bí ọkọ̀ bá ń fì lórí omi, orí rẹ̀ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa díẹ̀, ìdí rẹ̀ ń lọ díẹ̀, àárín rẹ̀ wà lójú kan, olúkúlùkù sì ń fọ ohùn tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè to àwọn ohùn yìí lẹ́sẹẹsẹ kó fi ya ìrísí ọkọ̀ náà. Bí ọkọ̀ bá yí ní dígírì 3 péré, ẹ lè ya ohun méjì tó wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn sọ́tọ̀ ní ìbú. Láti mítà 70 sí sẹ̀ǹtímítà 30, kò sí áńtẹ́nà tuntun kankan tí a rà.

Ẹ má rò pé ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lo ohun èlò fún ohun tí wọn kò torí rẹ̀ ṣe é. Ní ọjọ́ 26 oṣù kejì ọdún 1935, Robert Watson-Watt àti olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, Arnold Wilkins, fẹ́ fi hàn pé ìgbì rédíò lè rí ọkọ̀ òfuurufú. Wọn kò ní ẹ̀rọ kankan tí wọ́n fi lè ké. Ilé iṣẹ́ rédíò BBC ní Daventry ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yá lò, èyí tó ń sọ ìròyìn fún ayé. Ọkọ̀ òfuurufú fò kọjá, ìdáhùn sì wá. Ní nǹkan bí ọdún 1985, àwọn onímọ̀ kan ní Geesthacht ní Jámánì wo rédà ọkọ̀ ojú omi. Atukọ̀ kórìíra ariwo tí ìgbì òkun ń mú wá sójú ẹ̀rọ, ìdọ̀tí ló ń pè é, bọ́tìnnì sì wà tó fi ń nù ún kúrò. Àwọn onímọ̀ yìí ní kí ẹnikẹ́ni má nù ún. Inú ìdọ̀tí yẹn ni wọ́n ti ka bí ìgbì òkun ṣe gùn tó, ibi tó ń lọ àti bó ṣe ń sáré.

Ilẹ̀ tiwa náà wà nínú ìtàn yìí. Ní 1976 sí 1977, ọkọ̀ òfuurufú gbé rédà tó ń wo ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí gbogbo Nàìjíríà fún iṣẹ́ tí ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí igbó gbé kalẹ̀, tí wọ́n ń pè ní NIRAD. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni a wà nígbà náà, a kò tíì dá dúró bí Èkìtì. Wọ́n lo rédà torí pé ìkùukùu kì í jẹ́ kí kámẹ́rà rí ilẹ̀ gúúsù dáadáa, ìgbì rédà sì ń gba inú ìkùukùu kọjá tọ̀sán tòru. Igbó Ìkọ̀lé, oko Ọ̀yẹ́, òkè Ìdó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n yà. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé iṣẹ́ òyìnbó tí kò kàn wá ni ẹ ń ṣe, ẹ sọ fún un pé rédà ti ya àwòrán oko bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó bí ẹ̀yin.

Mo wá dé ibi tó ń dùn mí lọ́kàn, tí mo fi mú bírò.

Láti Ìkọ̀lé sí Ìrè kò jìnnà. Ẹ mọ ìtàn Ògún Onírè. Ó ti ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ènìyàn ní àjọ. Agbè ẹmu wà nílẹ̀, ó rò pé ẹmu wà nínú wọn. Ó kí wọn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ó tún kí wọn, kẹ́kẹ́ pa. Ó gbé agbè, òfìfo ni. Inú bí i, ó yọ idà, ó ń bẹ́ wọn lórí. Ó ti pẹ́ jù kó tó mọ̀ pé ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí èèwọ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn tirẹ̀ ni ó pa. Ìbànújẹ́ yẹn ló gbé e wọ inú ilẹ̀ lọ.

Òun ni baba gbogbo ẹni tó ń fi irin ṣiṣẹ́, baba yín ni. Àṣìṣe rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ jogún gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ó ké, ìdáhùn kò wá, ó sì fi àìdáhùn ṣe ẹ̀rí. Ọkọ̀ onígi kì í dáhùn rédà dáadáa. Igi tútù kì í dún bí irin. Pé ẹ kò rí nǹkan kò sọ pé nǹkan kò sí. Pé ẹ rí nǹkan kò sì tíì sọ ohun tó jẹ́.

Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín tí ẹ kò sọ jáde. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì ní agbègbè wa níbí, nígbà tí àwọn ọba náà ń ti ìpàdé bọ̀. Ọ̀fọ̀ yẹn kò tíì tán nínú ara wa. Ẹ ń rò pé bí rédà bá lè ya àwòrán, kí a gbé e sórí òkè kó máa ṣọ́ igbó. Èrò ọmọ rere ni, mo sì dúpẹ́ lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni mo jẹ yín ní gbèsè. Ìgbì sẹ̀ǹtímítà 3 kì í wọ inú igbó kìjikìji. Orí ewé ló ń dúró sí, ní pàtàkì bí òjò bá ti rọ̀ sí i. Ewé tí atẹ́gùn ń mì sì ń fọhùn bí ohun tó ń rìn. Ibi gbalasa, ojú omi, ojú ọ̀nà títẹ́jú, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ yín ti wúlò. Bí ẹ bá lọ sọ láàfin pé ẹ ti rí ojú tó ń wo inú igbó, ìlú á gbà yín gbọ́, wọ́n á sì dín ẹ̀ṣọ́ kù. Bí ẹ̀kán kan bá sì yọ ní òru, tí ẹ pe darandaran tàbí àgbẹ̀ tó pẹ́ lóko ní ajínigbé, ta ni yóò dá ẹ̀mí yẹn padà? Èmi fi ẹnu lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ pa apẹja. Ẹ má fi ẹ̀rọ pa àgbẹ̀.

Nítorí náà, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ rèé. Ẹ lọ sí adágún ìdídò Ìtàpájí. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó o, ẹ sọ fún baálẹ̀, ẹ sì gba ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹ tó fi ìgbì kankan síta. Ẹ ní kí wẹ́dà ge páànù mẹ́ta fún yín, kí ó jó wọn pọ̀ ní igun bí igun yàrá, etí kọ̀ọ̀kan sẹ̀ǹtímítà 30, kí ó sì ṣe irú rẹ̀ mẹ́ta. Ohun kékeré yẹn ń dá ìgbì padà síbi tó ti wá. Lójú rédà yín, yóò tóbi bí ohun tó fẹ̀ ju mítà onígun mẹ́rin 30 lọ. Ẹ so ọ̀kan mọ́ orí ọkọ̀ apẹja, ọ̀kan mọ́ àárín, ọ̀kan mọ́ ìdí. Ẹ fi tépù wọn ìjìnnà wọn sí ara wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó tan ẹ̀rọ. Kí apẹja rọra yí ọkọ̀ rẹ̀ lójú kan. Bí àwòrán bá fi ẹ̀kán mẹ́ta hàn, tí ìjìnnà wọn sì bá tépù mu, ẹ ti rí nǹkan. Bí kò bá bá a mu, ẹ má ṣe fi ọwọ́ tún un ṣe.

Ẹ má sì fi ẹ̀mí ṣeré. Agbára iná inú magnetron tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóltì, ó sì lè wà nínú ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ẹ ti pa á. Mo ti rí ọ̀gá onírírí tí iná gbé nítorí pé ó rò pé pípa ni pípa. Ẹni kan kì í tú u ní òun nìkan. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ dúró síwájú áńtẹ́nà tí a dá dúró nígbà tó ń ké.

Yóò kùnà lẹ́ẹ̀kíní. Ó lè kùnà títí ẹ̀ẹ̀rùn á fi tán. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ má pa ohun tó kùnà rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, torí ẹ kò tíì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí ìdọ̀tí tí àwọn ará Geesthacht kò jẹ́ kí wọ́n nù.

Nígbà tí ẹ bá ya àwòrán àkọ́kọ́, ẹ gbé e wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, n ó fi obì àti omi tútù gbà yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé àkọsílẹ̀ yín dání: ọjọ́, wákàtí, atẹ́gùn, ohun tí tépù sọ, ohun tí rédà sọ, àti ibi tí àwọn méjèèjì kò ti gbọ́ra wọn yé. Ìwé yẹn ni n ó kọ́kọ́ kà kí n tó wo àwòrán.